Èwo Ni Ẹ̀gbọ́n Nínú Wọn?

Bí ẹ bá wọ pálọ̀ àwọn òbí mi ní Ìlaròó, ògiri tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà ni ojú yín máa kọ́kọ́ bọ́ sí. Kò sí kàlẹ́ńdà níbẹ̀, kò sí aago. Àwòrán nìkan ni Bàbá wa gbà láyè níbẹ̀, kì í sì í ṣe àwòrán kan ṣá. Àwòrán ọjọ́ tí èèyàn wọ gáàùn ni, tó dé fìlà onígun mẹ́rin, tó di bébà tí wọ́n ká mú gírígírí bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ já a gbà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti Bàbá fúnra wọn. Méjì jẹ́ tèmi. Àwa méjì péré sì ni Màmá wa bí. Àbúrò mi obìnrin, tí orí rẹ̀ pé ju tèmi lọ bí ẹ bá bi mí, kò sí lára ògiri yẹn.

Kì í ṣe pé Bàbá kò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ wọ́n. Tíṣà ni Bàbá, ipò hẹ́dímásítà ni wọ́n ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ ojú wọn rí nǹkan kí wọ́n tó débẹ̀. Ìwé-ẹ̀rí tíṣà àtijọ́ ni wọ́n ní. Àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́ ní a-b-d lọ sí yunifásítì, wọ́n padà wá di ọ̀gá lé wọn lórí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà tún máa ń ní kí Bàbá dúró níta ọ́fíìsì títí òun á fi ráyè. Bàbá ti lé ní àádọ́ta ọdún kí wọ́n tó gba dìgírì tiwọn. Ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn bá ń sinmi ní họlidé ni wọ́n ń lọ kà á. Màmá sọ fún wa pé lọ́jọ́ tí Bàbá gbé àwòrán yẹn kọ́, wọ́n jókòó síwájú rẹ̀ títí oúnjẹ fi tutù.

Nítorí náà, nígbà tí àbúrò mi gba HND ní pólì ìlú wa, tó ya àwòrán tirẹ̀, tó ra férémù sí i, tó kúnlẹ̀ gbé e fún Bàbá, mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bọ̀. Bàbá gbà á. Wọ́n wò ó dáadáa, wọ́n fi apá aṣọ nu gíláàsì rẹ̀. Wọ́n ní, “Ó dára, ọmọ mi. Bí dìgírì bá dé, a ó gbé e kọ́.” Wọ́n wá gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀.

Àbúrò mi ní ẹ ṣé, sà. Ó dìde, ó lọ bá Màmá ní kíṣìn. Ṣé inú bí mi? Kí n má parọ́. Mo fẹnu bá a kẹ́dùn, àmọ́ nínú ikùn mi lọ́hùn-ún, ó dùn mọ́ mi pé èmi nìkan ni ọmọ tó wà lára ògiri. Mo tún ṣe nǹkan kan sí àwòrán yẹn lẹ́yìn ìgbà náà. Ẹ jẹ́ kó dúró ná. Tó bá tó àkókò rẹ̀, màá jẹ́wọ́.

Ẹ tún gbọdọ̀ mọ̀ pé ìbejì ni Bàbá wa. Àwọn ni Táyé. Kẹ́hìndé wọn ni Bàbá Ìhunbọ̀, tí kò kúrò lóko títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ní ilé wa, kò sí ẹni tó jẹ́ ṣe àṣìṣe pé Bàbá ni ẹ̀gbọ́n nítorí pé àwọn ló kọ́kọ́ jáde. Kẹ́hìndé ló rán Táyé pé kó lọ tọ́ ayé wò bóyá ó dùn, ẹni tó sì ń ránni níṣẹ́ ni ẹ̀gbọ́n. Bàbá tòun ti dìgírì wọn, fìlà ni wọ́n máa ń ṣí kí wọ́n tó kí Bàbá Ìhunbọ̀. Ìtàn tí àwọn méjèèjì máa ń sọ ni pé nígbà tí iléèwé míṣọ̀n ń gba ọmọ, bàbá tó bí wọn ní ẹnì kan ṣoṣo lòun lè yọ̀ǹda nínú wọn, nítorí iṣẹ́ oko. Kẹ́hìndé, ọmọ kékeré nígbà yẹn, ló dáhùn. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí Táyé lọ. Mo rán an lẹ́ẹ̀kan, ó jíṣẹ́ ire. Ẹ jẹ́ kí n tún rán an.”

Ọ̀dọ̀ Bàbá Ìhunbọ̀ ni àbúrò mi gbà lọ lẹ́yìn pólì. Iṣẹ́ oúnjẹ ló kọ́, bí a ṣe ń sọ irè oko di ohun tí kò ní tètè bàjẹ́. Bàbá Ìhunbọ̀ ní oko ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi ń lọ̀ ọ́, ọmọ náà sì tún gbogbo ibẹ̀ ṣe. Ó gbé ibi tí wọ́n ti ń sá láfún kúrò nílẹ̀ tí ewúrẹ́ ti ń jẹ ẹ́ ṣáájú àwa èèyàn. Ó ní ìwé kan tó ń kọ bí gàrí kọ̀ọ̀kan ṣe gbẹ tó sí, àti iye ọ̀sẹ̀ tó máa lò kó tó hu. Àwọn oníbàárà ń ti Ìfọ́nyìntẹ̀dó wá, àwọn mìíràn láti òdìkejì bọ́dà, tí wọ́n ń fi imú pè é ní madáàmù. Ọdún mẹ́rin ló lò níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi Bàbá léèrè rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á ní, “Ó ṣì wà ní Ìhunbọ̀ ná,” bí ẹni ń sọ̀rọ̀ aláìsàn.

Ó gbìyànjú láti kọ́ másítà ní yunifásítì kan lórílẹ̀-èdè wa. Wọ́n ní HND rẹ̀ kò tó, pé kó kọ́kọ́ fi ọdún kan kọ́ nǹkan mìíràn kí ó tó lè bá àwọn tó ní dìgírì jókòó. Bàbá kò sọ pé ṣebí mo sọ fún ọ. Wọ́n kàn wo òkè kọ́bọ́ọ̀dù. Bàbá Ìhunbọ̀ nìkan ló gbè é lẹ́yìn, wọ́n ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Bàbá Ìhunbọ̀ nìkan náà ló mọ̀ nígbà tí ó kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Fínláǹdì. Bàbá Ìhunbọ̀ kú kí èsì tó dé. Ẹ má sì bi mí ibi tí Fínláǹdì wà nígbà yẹn. Tíṣà ni mí lóòótọ́, àmọ́ máàpù ni mo lọ wò. Ó wà lókè pátápátá, ní àríwá Yúróòpù, níbi tí òtútù ti ń sọ omi odò di ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

Sátidé kan ni ìwé náà dé. Ayétòrò ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo wá wo àwọn òbí wa. Ojú Bàbá ti ń ṣe bàìbàì, wọ́n ní kí n kà á, kí n sì máa túmọ̀ rẹ̀ kí Màmá lè gbọ́. Orúkọ ilé-ìwé náà gùn. “Yunifásítì” ló fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn wá tẹ̀lé e tó túmọ̀ sí ìmọ̀ tí a mú ń ṣiṣẹ́. Mo ka “Yunifásítì.” Mo gbójú sókè, mo rí bí ojú Bàbá ṣe yí padà, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. Mo fo ìyókù.

Àbúrò mi tẹ̀lé mi wọ kíṣìn. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò kà á tán.”

Mo ní mo kà á dé ibi tó yẹ kí n kà á dé. Ó wá ṣàlàyé fún mi pé orúkọ tí wọ́n fi ń pe ara wọn fún àlejò ni mo kà yẹn. Lédè wọn, ilé-ẹ̀kọ́ gíga fún iṣẹ́ ni wọ́n ń pè é, àti pé tẹ́lẹ̀ rí, pólì gan-an ni wọ́n ń pè é fún àlejò. “Pólì ni, Ẹ̀gbọ́n. Pólì ni mo tún ń lọ.” Mo bi í bóyá ó fẹ́ kí àwòrán rẹ̀ dé ara ògiri yẹn kí Bàbá tó kú àbí kò fẹ́. Ó dákẹ́. Mo ní kó dákẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣé irọ́ ni mo pa? Kì í ṣe irọ́, kì í sì í ṣe òótọ́. Àmọ́ Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e, Bàbá dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gba máíkì lọ́wọ́ àlùfáà, wọ́n dúró síwájú pẹpẹ. Wọ́n ní Ọlọ́run ti nu ẹ̀gàn àwọn nù, ọmọ àwọn tó kù ti wọ yunifásítì. Gbogbo ìjọ dìde. Àbúrò mi ń wo ilẹ̀. Èmi ni àmín mi lọ sókè jù.

Ó lọ. Wọ́n fún un ní sikọ́láṣíìpù, a sì dúpẹ́. Gbogbo Sọ́ńdè lẹ́yìn ìsìn, bí mo bá wà nílé, màá pè é, a ó gbé fóònù sórí tábìlì kí ohùn rẹ̀ lè kárí. Ohun tí Bàbá fẹ́ràn jù láti gbọ́ ni ti àwọn olùkọ́. Níbẹ̀, orúkọ ni ọmọ ilé-ìwé fi ń pe olùkọ́, bó ti wù kó dàgbà tó. Àbúrò mi ò lè ṣe é. Olùkọ́ rẹ̀ kan, ọkùnrin kan tí gbogbo orí rẹ̀ ti funfun, ni ó ń pè ní sà nínú gbogbo lẹ́tà, tó sì ń tẹ orúnkún díẹ̀ fún bí wọ́n bá pàdé. Ní ọjọ́ kan, ọkùnrin náà pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bi í jẹ́jẹ́ pé kí ni òun ṣe fún un. Ó ní kò pe orúkọ òun rí láti ìgbà tó ti dé, òun sì rò pé ó ń bínú sí òun ni. Ọmọ náà ṣàlàyé títí. Níkẹyìn, wọ́n jọ fẹnu kò sí i pé kó máa pè é ní Tíṣà. Bàbá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi húkọ́. Wọ́n ní kó má ṣe pe orúkọ náà o, kó má jẹ́ kí òtútù gba ilé lẹ́nu rẹ̀.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi ò tó ọdún méjì. Sọ́ńdè kan ni Bàbá béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa wọ gáàùn, kí àwọn lè mọ ìgbà tí àwòrán máa dé. Ó ní ní ilé-ìwé àwọn, ẹnikẹ́ni kì í wọ gáàùn. Wọ́n á pe orúkọ rẹ, wọ́n á fún ọ níwèé, wọ́n á fún ọ ní òdòdó róòsì kan, ó parí. Ó ní ní yunifásítì, àwọn tó bá gba oyè dókítà máa ń dé fìlà gíga, wọ́n tilẹ̀ máa ń gbé idà.

Bàbá ní, “Ní yunifásítì? Ìwọ ń kọ́? Níbo lo wà?”

Mo na ọwọ́ sí fóònù bí ẹni pé mo fẹ́ pa á. Màmá gbá ọwọ́ mi mọ́lẹ̀. Títí di òní, n kò mọ bí wọ́n ṣe mọ̀ pé mo fẹ́ bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀.

Àbúrò mi ní, “Pólì wọn ni mo wà, Bàbá. Ẹ má bínú.”

Bàbá kò bínú sí i. Èmi ni wọ́n yíjú sí. Wọ́n ní, “O mú mi purọ́ níwájú pẹpẹ.” Wọ́n dìde, wọ́n ń fọwọ́ tọ ògiri bí wọ́n ṣe ń lọ sí yàrá nítorí ojú wọn, ọwọ́ wọn sì ń kan àwọn àwòrán wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú tì mí débi pé mi ò jẹun níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo gbé báàgì mi, mo wọ bọ́ọ̀sì padà sí Ayétòrò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Bàbá kò fi gbọ́ ohùn ọmọ wọn. Bí mo bá pe Màmá, wọ́n á ní Bàbá jókòó, Bàbá jẹun, Bàbá ò sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò ó pé bí nǹkan bá ṣe Bàbá báyìí, àwòrán ọmọ yẹn ò ní dé ibẹ̀ mọ́ láéláé, èmi tí mo ní mò ń ràn án lọ́wọ́ ni mo sì fi ọwọ́ mi bà á jẹ́.

Àmọ́ tíṣà ni tíṣà ń jẹ́. Ní Sọ́ńdè kẹrin, mo dé, mo kúnlẹ̀, wọ́n jẹ́ kí n pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ díẹ̀. Wọ́n wá ní kí n mú ìwé ẹsasáìsì kan lórí tábìlì, kí n wá bírò, kí n pe àbúrò mi. Nígbà tí ó gbé e, Bàbá ò kí i. Wọ́n ní, “Ṣàlàyé bí wọ́n ṣe to ẹ̀kọ́ gíga ilẹ̀ yẹn fún mi, láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ ń kọ ọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, kò ní fo ìlà kankan.”

Mo ṣì ní ìwé náà. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀nà méjì ni wọ́n là, òfin ìjọba sì dá ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́tọ̀. Ọ̀kan ni yunifásítì. Iṣẹ́ wọn ni láti wádìí ìjìnlẹ̀, àwọn nìkan ló sì ń fúnni ní oyè dókítà. Ọdún mẹ́ta ni dìgírì àkọ́kọ́ wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í dúró níbẹ̀, wọ́n á fi ọdún méjì kún un títí dé másítà. Èkejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga fún iṣẹ́. Dìgírì àkọ́kọ́ tiwọn máa ń tó ọdún mẹ́ta àbọ̀ sí mẹ́rin, ó pẹ́ ju ti yunifásítì lọ, nítorí ọ̀pọ̀ oṣù ni ọmọ ilé-ìwé máa lò níbi iṣẹ́. Ibẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ti ń jáde, àti oríṣiríṣi ẹnjiníà. Bí o bá fẹ́ kọ ìwé àṣekágbá, wọn ò fẹ́ kí o kàn jókòó sí láíbìrì. Wọ́n fẹ́ kí o lọ bá ibi iṣẹ́ kan, kí o bi wọ́n ohun tó ń dà wọ́n láàmú, kí o sì wá ojútùú rẹ̀. Tirẹ̀, ilé-iṣẹ́ kan tó ń sọ pòtétò di lúbúlúbú ló wà. Ìyà tó ń jẹ wọ́n nípa rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ìyà tí ẹ̀gẹ́ fi ń jẹ Ìhunbọ̀.

Bàbá ń da ìbéèrè bò ó bí ìgbà tí wọ́n ṣì wà ní kíláàsì. Wọ́n bi í bóyá ẹni tó bẹ̀rẹ̀ níbi kan lè rékọjá sí ibòmíràn. Ó ní ó ṣeé ṣe, àmọ́ wọ́n lè ní kó kọ́ ohun díẹ̀ tó kù káàtó sí i. Wọ́n bi í bóyá bí iṣẹ́ ìjọba bá jáde, ta ni wọ́n máa mú. Ó ní bí wọ́n bá ti ní másítà làwọn ń wá, másítà ọ̀nà méjèèjì ló bá a mu, òfin ò pín wọn. Mo mọ ohun tó ń bọ̀, ẹ̀yin náà sì mọ̀ ọ́n, nítorí kò sí ohun méjì tí Yorùbá máa rí tí kò ní béèrè èyí nípa wọn.

“Èwo ni ẹ̀gbọ́n nínú wọn?”

Àbúrò mi ní ìbejì ni wọ́n.

Bàbá ní kí ó má fi àwọn ṣeré, ìbejì náà ní ẹ̀gbọ́n.

Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Yunifásítì ló kọ́kọ́ dáyé, ó ti pẹ́ gan-an. Èkejì yìí, èmi náà ò kéré sí i púpọ̀. Èyí tó kọ́kọ́ jáde àti èyí tó kẹ́yìn, ẹ̀yin ni kí ẹ sọ èwo ni ẹ̀gbọ́n fún mi.”

Bírò dúró lọ́wọ́ mi. Màmá bojú wo ẹsẹ̀ wọn kí Bàbá má baà rí i pé ẹ̀rín ń gbé wọn. Bàbá ni ọmọ náà bi ní ìbéèrè yẹn, Táyé tó ti ń ṣí fìlà fún Kẹ́hìndé láti kékeré. Wọ́n ní, “Ìwọ ọmọ yìí,” ẹ̀ẹ̀mejì.

Nígbà tó yá, wọ́n béèrè ohun tí àwọn èèyàn náà rí lára rẹ̀ tí wọ́n fi gbà á wọ másítà, nígbà tí àwọn tilé kọ̀ ọ́. Ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ní nǹkan méjì ni. Èkíní ni HND Ìlaròó. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ó bá dìgírì àkọ́kọ́ tiwọn dọ́gba. Èkejì, ilé-ìwé wọn kì í jẹ́ kéèyàn wá kọ́ másítà lórí iṣẹ́ tí kò tíì ṣe. Ó gbọdọ̀ ti ṣe é fún ọdún méjì ó kéré tán, kí ẹni tó gbà á síṣẹ́ sì fọwọ́ sí i. “Mo kọ ìwé náà, Bàbá Ìhunbọ̀ ló fọwọ́ sí i. Orí ibùsùn ni wọ́n wà. Mo bá wọn gbé ọwọ́ wọn, wọ́n sì tẹ ìka.”

Mo wo Bàbá. Omi ń bọ́ lójú wọn, wọn ò sì nù ún. Wọ́n ní, kì í ṣe fún ẹnikẹ́ni nínú wa, “Kẹ́hìndé tún ránni níṣẹ́.”

Wọ́n fa fóònù súnmọ́ra bí ẹni pé ọmọ náà wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, mo ṣẹ̀ ọ́. Forí jì mí.” N kò gbọ́ kí Bàbá bẹ ẹnikẹ́ni rí. Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lọ́hùn-ún, ó ń ní ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, sà, ẹ jọ̀ọ́, sà. Bàbá ní kó pa fóònù ná, àwọn máa pè é padà. Wọ́n wá ní, “Gbé àwòrán ọmọ mi wá lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ti Ìlaròó yẹn ni mo fẹ́. N kò retí òmíràn mọ́.”

Àkókò ìjẹ́wọ́ mi nìyẹn. Àwòrán ò sí lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ọdún tí mo gba másítà, àlejò ń bọ̀ wá bá wa yọ̀, mi ò tíì ra férémù. Mo rí férémù rẹ̀ lókè níbẹ̀ tó dojú délẹ̀. Mo tú ẹ̀yìn rẹ̀. Mi ò tilẹ̀ ní sùúrù láti yọ àwòrán rẹ̀ kúrò. Mo yí ojú rẹ̀ sí pákó ẹ̀yìn kó má baà hàn lábẹ́ tèmi, mo tẹ́ tèmi lé e, mo dé e pa. Mo ní màá ra òmíràn fún un tó bá di ọ̀la. Mo gbàgbé. Kò sì béèrè. Gbogbo ọdún tí Bàbá ní kò tíì tó kó wà lára ògiri, ibẹ̀ ló wà, tó kọjú sí sìmẹ́ńtì lẹ́yìn mi.

Mo sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀. Màmá ní, “Háà, ìwọ náà.” Bàbá nawọ́ sí ògiri. Mo gbé e sọ̀ kalẹ̀, mo fi ọ̀bẹ tú ìṣó ẹ̀yìn. Pákó ṣí, ojú àbúrò mi yọ, nínú gáàùn pólì, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rinrin ti mú igun kan díẹ̀. Mo gbìyànjú láti ya àwọn méjèèjì, wọn ò ya. Òjò ọdún púpọ̀ ti lẹ ẹ̀yìn wọn pọ̀. Bí mo bá fà á, ọ̀kan á ya. Mo ní kí Bàbá jẹ́ kí n gbé e lọ bá onífọ́tò, bóyá wọ́n lè rí nǹkan ṣe sí i.

Bàbá ní, “Má yà wọ́n. Yí i padà.”

Mo nu gíláàsì. Mo da ojú mi kọ pákó, mo fi tirẹ̀ síwájú, mo dé e pa. Bàbá ni wọ́n fọwọ́ ara wọn gbé e kọ́. Wọ́n fi ìka wá ìṣó náà lára ògiri, èmi àti Màmá kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n ní kí n pe ọmọ àwọn lórí fídíò, èyí tí a ó fi rí ojú ara wa. Mo gbé fóònù sókè kó lè rí gbogbo rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tó yá, ó ka àwòrán tó wà níbẹ̀, mẹ́ta ṣì ni, ó sì mọ̀ pé kò yẹ kó jẹ́ mẹ́ta.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, èyí tí ẹ fi gba másítà ń kọ́?”

Mo ní, “Mo wà lẹ́yìn rẹ.”